Ẹja Ń Sùn Nínú Yìnyín, Dírẹ́bà Ń Jẹ Ìrẹsì Kíkan



Àwọn ọ̀gá wa sọ nínú ìpàdé pé àwọn kò rí ìdí tí dírẹ́bà fi ń béèrè owó oúnjẹ. Wọ́n ní kí oníkálukú di oúnjẹ tirẹ̀ láti ilé, pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wa ń ṣe. A gbọ́. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ẹja tí à ń kó láti Àpápá lọ sí Kánò, nǹkan bí 1,000 kìlómítà, ìwọ̀n òtútù 18 nísàlẹ̀ òdo ló gbọ́dọ̀ wà. Bí ẹ̀rọ yìnyín bá dákẹ́ lóru, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń wá mẹkáníìkì kiri. Ẹja tó ti kú ni o! Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ọ̀hún ńkọ́? Abọ́ ìrẹsì rẹ̀ wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ooru ẹ́ńjìnì ń fẹ́ ẹ. Kó tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti ń kan.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí oúnjẹ sísè má ṣe wà nílẹ̀ láìsí òtútù ju wákàtí 2 lọ. Oró kan sì wà tó máa ń wọ ìrẹsì tó pẹ́ nílẹ̀, tó jẹ́ pé bí a tilẹ̀ tún un gbé kaná, kì í kúrò. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé ká tún un gbé kaná.

Wọn yóò ní ká kó gaàrí. A ń kó gaàrí! Ta ni yóò kọ́ wa bí a ti ń tọ́jú oúnjẹ? A mọ̀ pé gaàrí tó yan dáadáa kì í bàjẹ́ bí omi kò bá kàn án. A ń kó kúlíkúlì àti ẹja gbígbẹ. Kílíṣí tí àwọn ará Òkè Ọya ń sá sóòrùn, ẹran ni, kò sì bẹ yìnyín. Ata tí a dín títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ, tí a ń fi ṣíbí gbígbẹ bù, máa ń bá wa dé Jẹ́bà láìkan. (Dòdò Ìkirè nìkan ni kì í pẹ́, nítorí mótòbọ́ì ti máa ń jẹ ẹ́ tán kí a tó kúrò ní Ìbàdàn.)

Ṣùgbọ́n omi ni a fi ń mu gaàrí. Omi wo? Omi ẹ̀bá ọ̀nà tí a kò mọ orísun rẹ̀, tí kọ́lẹ́rà lè bá wọlé? Ṣé gaàrí àti kúlíkúlì ni èèyàn yóò sì máa jẹ fún odidi ọjọ́ tó fi tò ní èbúté, kí ìrìn àjò tilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀?

Ní ti àwọn bàbá wa, bí ebi bá pa wọ́n, wọn a sọ ẹrù kalẹ̀, wọn a dáná. Kí dírẹ́bà dáná lẹ́bàá ọ̀nà lónìí, kí ẹ wo irú ìwé tí wọn yóò kọ sí i pé kí ló dé tó fi pẹ́. Bẹ́ẹ̀ Òfin Iṣẹ́ ọdún 1974 sọ pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí 1.

Ohun tí à ń béèrè kò pọ̀. Kí owó oúnjẹ tẹ dírẹ́bà àti mótòbọ́ì lọ́wọ́ kí ọkọ̀ tó jáde, kì í ṣe lẹ́yìn oṣù méjì. Kí wọ́n ka ọjọ́ tí a fi tò ní èbúté mọ́ ọn. Kí kúlà kan àti kẹ́ẹ̀gì omi mímọ́ wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ tó ń gbé yìnyín kiri, ṣé kúlà ni yóò wá wọ́n fún?

Kí gbogbo dírẹ́bà kọ iye tí wọ́n ná lórí oúnjẹ nínú ìrìn àjò yìí sílẹ̀, àti iye ọjọ́ tí wọ́n fi dúró, kí wọ́n mú un wá fún wa ṣáájú ìpàdé tó ń bọ̀. Orí tábìlì àwọn ọ̀gá ni a ó kó o lé.