Ìbéèrè Kì í Ṣe Àfojúdi

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, bí a bá ń wọn ìfúnpá fún àwọn ènìyàn ní mọ́sálásí wa ní Ìsọlọ̀, ọ̀pọ̀ ló máa ń kó oògùn jáde látinú ọ̀rá láìmọ orúkọ rẹ̀. Bí a bá ní, "Kí ni dókítà sọ pé ó wà fún?", wọn á ní, "Ta ni yóò máa bi dókítà léèrè?"

Àwa kò gbà pé ọ̀wọ̀ ni ìdákẹ́ yìí. Bí ọ̀rọ̀ ìrun kò bá yé wa, a máa ń bi àlùfáà láìtijú. Kí ló dé tí ti ara wa fi yàtọ̀? Ẹ wo amlodipine, oògùn ìfúnpá tí púpọ̀ nínú wa ń lò. Ó lè mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wú. Ẹni tí a kò sọ fún yóò rò pé kíndìnrín òun ló ń bàjẹ́, yóò sì pa oògùn tì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ dókítà lè dín in kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn á máa ra diclofenac mọ́ ọn nítorí orúnkún, kò mọ̀ pé ó lè gbé ìfúnpá sókè.

Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014, ní abala 23, ní kí ẹni tó ń tọ́jú wa sọ bí ara wa ṣe rí fún wa, irú ìtọ́jú tó wà, àǹfààní, ewu àti owó ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti pé a lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ ọ́. Níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kó jẹ́ ní èdè tó yé wa. Bí Yorùbá ló yé ìyá yín, ẹ ní kí wọ́n fi Yorùbá ṣàlàyé fún wọn.

Ní Kánò lọ́dún 1996, Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé tí meningitis ń bá jà. Àwọn òbí kan ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn sọ ọ́. Ọdún 2009 ni òun àti ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò tó parí ẹjọ́ náà.

A mọ̀ pé èrò pọ̀ ní ọsibítù, dókítà kì í ráyè. Ẹ kọ ìbéèrè yín sórí ìwé láti ilé: kí ló ń ṣe mí, kí ni oògùn yìí ń ṣe, kí ló lè ṣẹlẹ̀ bí mi ò bá lò ó? Ẹ má yọ àwa oníkẹ́míìsì náà sílẹ̀ o. Owó yín la gbà.

Ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹ kó gbogbo oògùn yín wá pẹ̀lú páálí rẹ̀, títí kan àgbo. A ó jọ wò ó.