Ọmọ Tó Fẹ́ Ṣe Nọ́ọ̀sì: Ẹ Jẹ́ Ká Ka Ọdún Kí A Tó Yá Owó

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí, ìwé àjẹṣẹ́kù wa ló fà á. Àwọn tó ń yá owó nítorí ọmọ tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì ń pọ̀ sí i. Kò burú, iṣẹ́ gidi ni. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni pé oṣù 10 ni ẹgbẹ́ ń fún yín láti dá owó padà, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ oṣù 10. Ìwé mẹ́fà ni àwa tí ń kọ èyí kà, ṣùgbọ́n a ti pẹ́ lọ́jà, a mọ ìṣirò. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ó.

SS1 ni ìṣirò náà ti ń bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín àwọn ọmọ sí kíláàsì. Ọmọ tí kò bá sí ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì, ẹ má tíì dá àjọ nọ́ọ̀sì fún un. Kírẹ́dìtì 5 ni wọ́n ń béèrè: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, Biology, Chemistry àti Physics, ìjókòó ìdánwò kan tàbí méjì péré ni ó sì gbọ́dọ̀ fi gba márààrún. Physics yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ ọmọ wa dúró. Ọmọ ẹnì kan nínú wa tó ń ta ata gba gbogbo ìyókù, Physics nìkan ló bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyá ní kó lọ tún JAMB ṣe. Ó tún un ṣe, ó tún tún un ṣe, máàkì rẹ̀ dára, wọn ò gbà á. Ṣé ẹ rí i, JAMB ọdún kan ni. Bí ọdún bá ti yí, èsì rẹ̀ ti tán nìyẹn. WAEC ní tiẹ̀ kì í bàjẹ́. Physics ló yẹ kó kọ́kọ́ tún ṣe, yálà nínú NECO tàbí nínú WAEC àwọn tó ti kúrò nílé ìwé, tí a mọ̀ sí GCE. Ọdún 2 ló fi jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí ata, owó JAMB ẹ̀ẹ̀mejì sì wọgbó.

Bí ìwé bá ti pé, ọ̀nà méjì ló wà.

Èkíní ni yunifásítì. Ọdún 5 ni. Lẹ́yìn náà, ọmọ á ṣe ìdánwò Council àwọn nọ́ọ̀sì, á ṣiṣẹ́ ọdún kan nílé ìwòsàn lábẹ́ àwọn ọ̀gá, á sì sìn ìlú ọdún kan, bí kò bá tíì ju ọmọ 30 ọdún lọ nígbà tó parí. Ó di 7. Ṣùgbọ́n owó díẹ̀ ń wọlé fún un ní 2 ìkẹyìn yẹn, nítorí náà ọdún 5 lẹ ó fi náwó, ọdún 7 lẹ ó fi dúró. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀, ibẹ̀ ni gbèsè ti ń wọlé. Ẹ sì tún ṣírò ìyanṣẹ́lódì mọ́ ọn bó bá jẹ́ ti ìjọba. Ní 2020, láti oṣù Kẹta títí dé oṣù Kejìlá ni àwọn olùkọ́ fi dáṣẹ́ sílẹ̀. Ní 2022, ó gbà wọ́n ní oṣù 8. Ọmọ tó bá wà níbẹ̀ nígbà méjèèjì pàdánù ju ọdún kan lọ, owó ilé tó ń gbé kò sì dúró dè é.

Èkejì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì. Ọdún 3 ni láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń yí i sí ND ọdún 2 àti HND ọdún 2, ó di 4. Kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù, ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ti gba ìwé àṣẹ lè wọ yunifásítì láti kíláàsì kejì, kó fi ọdún 4 gba dìgírì, ó sì lè kà á lọ́dọ̀ NOUN bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan nínú wa ń sọ pé ẹni tí kò lọ sí yunifásítì kì í ṣe nọ́ọ̀sì. A ò gbà. Ìyá tí ọjà rẹ̀ kéré, tí àbúrò mẹ́ta sì ń bọ̀ lẹ́yìn ọmọ náà, kọ́lẹ́ẹ̀jì ló dára fún un. Owó ara ọmọ ló máa fi ka ìyókù.

Ọ̀nà kẹta kan wà tí kì í ṣe ọ̀nà rárá. Ilé ìwòsàn aládàáni kan gba owó lọ́wọ́ ẹnì kan nínú wa pé àwọn á kọ́ ọmọ rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì. Ọmọ wọ aṣọ funfun fún ọdún 2, a kí ìyá rẹ̀ kú oríire. Nígbà tó wá iṣẹ́ lọ síbòmíràn, wọ́n béèrè nọ́ńbà Council, kò ní. Ó di dandan kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àwa náà jẹ̀bi o, àwa la ṣe onídùúró owó yẹn láì béèrè ìbéèrè kankan.

Ẹ̀yin tó sì ń sọ pé ọmọ á dé Ìlú Ọba lọ́dún tó bá jáde, á wá san án, ẹ rọra. Ní 2024, Council gbé ìlànà jáde pé kí nọ́ọ̀sì ti ṣiṣẹ́ ọdún 2 nílé kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ fún òkè òkun. Ẹ má fi owó tí kò tíì wọlé yá owó.

Àbá wa nìyí: kí ẹgbẹ́ yé fi owó gọbọi yáni lẹ́ẹ̀kan nítorí ilé ìwé. Kó máa yáni lọ́dọọdún, níwọ̀n owó ọdún kan, kí èsì ọmọ wà lórí tábìlì kí ti ọdún tó tẹ̀ lé e tó jáde. A mọ̀ pé inú àwọn kan ò ní í dùn.

A ó sọ ọ́ nípàdé tó ń bọ̀. Ẹ mú ìwé WAEC ọmọ yín dání, a ó jọ wò ó. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní JSS3, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́ dé, ẹ̀yin gan-an la ń retí jù.