Kì Í Ṣe Ọ̀tá Ló Já Bẹ́líìtì Ọkọ̀ Rẹ

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń wa mọ́tò ní Mówè, Ìbafò àti agbègbè wọn, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, mi ò sì ní lọ́ ọ sọ́tùn-ún lọ́ ọ sósì fún yín. Ọkọ̀ á dédé kú lórí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Wọ́n á tì í, wọ́n á wọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, mẹkáníìkì á tú u, á ní tímìnì bẹ́líìtì ló já, fáàfù sì ti tẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu yín ni pé àwọn ará ilé bàbá yín ti gbọ́ pé ẹ ra mọ́tò. Ẹ á pe wòlíì, ẹ á pe ààfáà. Kò sẹ́ni tó máa béèrè pé ọdún mélòó ni bẹ́líìtì yẹn ti ń yí kó tó já.

Ó ń bí mi nínú, ó sì ń dùn mí, nítorí mo mọ bí ẹ ṣe ń rí owó. Ẹ kó wá sí Mówè nítorí pé owó ilé Èkó ga jù fún yín. Ìdájí lẹ ń jí, òru lẹ ń wọlé. Kí irú owó bẹ́ẹ̀ wá máa bá tọ́ọ̀pù sìlíńdà lọ nítorí rọ́bà kan tí ẹ kò pààrọ̀, mi ò lè dákẹ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ọ̀pá kan wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì tí písítìnì ń yí, kráńkì ni wọ́n ń pè é. Òmíràn wà lókè, káàmù, òun ló ń ṣí fáàfù kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kí èéfín sì lè jáde. Tímìnì bẹ́líìtì ló so wọ́n pọ̀: rọ́bà eléyín tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì sí nínú kó má baà fà. Bí kráńkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, káàmù gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí nígbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, fáàfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí, ó sì ń padà dé, nígbà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Àyè kan náà ni fáàfù àti písítìnì sì jọ ń lò. Ẹ wo obìnrin méjì tó ń gún iyán nínú odó kan: tìhín ń lọ sókè bí tọ̀hún ṣe ń bọ̀ nísàlẹ̀. Bí ọ̀kan bá ṣìṣe, ọmọ odó á kọlu ọmọ odó.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Bí bẹ́líìtì bá já, káàmù á dúró lójú ẹsẹ̀, fáàfù tó ṣí sílẹ̀ kò ní lè padà mọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ṣì ń sáré, táyà ṣì ń yí kráńkì, písítìnì á gòkè wá gbá a. Fáàfù á tẹ̀. Nígbà mìíràn orí rẹ̀ á kán, á bọ́ sínú sìlíńdà, á sì lu písítìnì jálẹ̀. Kí ẹ tó ya sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó ti bàjẹ́ tán.

Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo ẹ́ńjìnì ló ń rí bẹ́ẹ̀. Camry oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin ti 1997 sí 2001, bí bẹ́líìtì rẹ̀ bá já, ọkọ̀ á kú lásán ni, ẹ á fi tuntun sí i, ẹ á máa lọ. Bóyá òun ló bà yín jẹ́, tí ẹ fi rò pé bákan náà ni gbogbo rẹ̀. Honda kì í gbà fún yín bẹ́ẹ̀. Accord oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin ti 1998 sí 2002, Accord oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́fà, Pilot, Odyssey, fáàfù wọn á tẹ̀ ni.

Ẹ tún máa ń fi ọwọ́ ara yín dá kún un. Ọkọ̀ ti kú, ẹ á tún yí kọ́kọ́rọ́, ẹ á máa sítáàtì í léraléra títí bátìrì á fi kú. Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń yí fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀, tó yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ẹ́ńjìnì kò sì dáhùn? Fáàfù kò dé mọ́, afẹ́fẹ́ kò rí ohun tó máa fún un pọ̀ ni. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún yí i, písítìnì ń wá fáàfù tó kù kiri. Bí ẹ bá gbọ́ ìró yẹn, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ lójú ẹsẹ̀.

Àwọn tó ṣe ọkọ̀ kò fi nǹkan kan pamọ́ fún wa. Ilé iṣẹ́ Glas ní Jámánì ló kọ́kọ́ fi bẹ́líìtì eléyín yìí sínú ọkọ̀ títà, ní 1962. Ṣéènì tàbí jíà irin ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Rọ́bà kì í pariwo, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n kò lè bá irin dàgbà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sínú ìwé ọkọ̀. Toyota ní 90,000 máìlì, nǹkan bí 145,000 kìlómítà, fún Sienna tó ń lo bẹ́líìtì. Honda ní 105,000 máìlì fún oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́fà, tàbí ọdún 7, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ẹ sì rántí pé bí ẹ bá jókòó sínú sunkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Kárà dé Bẹ́ẹ́gà, tàbí ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ oṣù tí èrò bá ń lọ sí Rìdẹ́ḿṣọ̀n Káḿpù, mítà kò ka nǹkan kan, bẹ́líìtì sì ń yí.

Tòkúnbọ̀ lẹ rà. Ẹ kò mọ ibi tó ti rìn dé, àwọn kan sì ń dá mítà padà kí wọ́n tó tà á. Ó yẹ kí ẹ kà á sí pé bẹ́líìtì rẹ̀ ti gbó lọ́jọ́ tó bá ti dé ọwọ́ yín. Ṣùgbọ́n kí lẹ kọ́kọ́ ń ṣe? Ẹ á kùn ún, ẹ á fi gíláàsì dúdú sí i, ẹ á ra ẹ̀rọ orin tó ń mi ilé onílé, ẹ á pe èrò wá síbi ìdúpẹ́. Mi ò bá yín jà nítorí ìdúpẹ́. Mo ń bi yín pé kí ló dé tí owó bẹ́líìtì kò fi sí nínú ìnáwó yẹn.

Ẹ tún mọ èyí tí ẹ rà. Corolla tó wá láti Amẹ́ríkà láti 1998, Camry oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin láti 2002, Sienna láti 2007, ṣéènì ló wà nínú wọn. Ẹni tó bá gba owó tímìnì bẹ́líìtì lọ́wọ́ yín lórí Corolla 2005, olè ni. Ṣéènì náà kò fẹ́ ìyà o: bí ẹ kò bá pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, á fà.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ má rò pé mo ti gbàgbé yín. Ẹ ń ṣí ìdérí, ẹ ń fọwọ́ tẹ bẹ́líìtì, ẹ ń sọ fún oníbàárà pé “ó ṣì le, ọ̀gá.” Ta ló kọ́ yín pé ojú lásán lè rí fọ́nrán tó ń já nínú rọ́bà? Àwọn kan nínú yín ń lọ ra bẹ́líìtì àlòkù ní Ládìpọ̀, ẹ ń fi gba owó tuntun. Wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù tí bẹ́líìtì kan náà ń yí, ẹ fi ti àtijọ́ sílẹ̀, bíárìn tó ń fa bẹ́líìtì le, ẹ kò pààrọ̀ rẹ̀. Bí pọ́ọ̀ǹpù yẹn bá há, bẹ́líìtì tuntun á já bíi ti àtijọ́. Ẹ sì ń rí ọ́ìlì tó ń jò sórí rọ́bà, ẹ ń nù ún nù, ẹ ń dé e padà. Ìwà ìkà ni.

Mo ní kí n má gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n ẹ̀mí èèyàn wà nínú rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá kú lórí eré, síárìn á le, bírékì á gbà fún ìgbà kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà á di agídí. Ẹ wá wò ó pé orí afárá gígùn odò Ògùn ló ti ṣẹlẹ̀, tírélà wà lẹ́yìn, kọnkéré wà láàárín títì. Ẹni tó bá sì ráyè dúró, ewé ló ń já sẹ́yìn ọkọ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré síbi tó dúró sí. Láti 1988 ni àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti wà, a kò sì tíì ra C-caution, ewé là ń já! Ẹni tó ń bọ̀ lóru kò lè rí ewé.

Ìwọ tó ń fi Sienna 2004 kó ọmọ ilé ìwé láti Mówè lọ sí Mágbòrò láràárọ̀, tí o kò mọ ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀ gbẹ̀yìn, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí. Gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yìí, dúró tì í títí á fi ṣe é tán, kí o sì kọ ọjọ́ náà àti iye tí mítà kà sára ìdérí rẹ̀. Bí owó kò bá tíì pé, sọ fún àwọn òbí pé o kò ní lè gbé ọmọ wọn lọ́jọ́ Ajé.