Gẹ̀ẹ́sì Tí Ń Bí Wa Nínú

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn wa tó yẹ ká sọ.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wa, òun náà la fi ń ṣe ìdánwò. Síbẹ̀ àwọn àṣìlò kan ti di bárakú fún wa. Ẹni tó ra àga méjì á ní òun ra “furnitures”. Irinṣẹ́ á di “equipments”, ìmọ̀ràn á di “advices”. Bí wọ́n tilẹ̀ pé igba, wọn kì í gba “s” nídìí. Ẹni tó sì ní kí dẹ́rẹ́bà “reverse back”, ṣé a máa ń fi ẹ̀yìn rìn lọ síwájú ni? Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra, irú èyí ń gba máàkì lọ́wọ́ ẹni.

Ṣùgbọ́n òmíràn wà tí kì í ṣe ti àìmọ̀wé. Yorùbá ló ń yọjú lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. À ń gbọ́ òórùn, ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé “I can hear the smell”. Àgbàlagbà kan ṣoṣo ló ń peni, a ní “They are calling you”, ọ̀wọ̀ ni. Àwọn ọ̀rẹ́ wa Haúsá ń sọ “ya” fún ọkùnrin, “ta” fún obìnrin. Àwa ń sọ “ó” fún gbogbo wọn, ìyẹn ló ń jẹ́ kí “he” àti “she” dàrú mọ́ wa lẹ́nu.

Ohun tó ń bí wa nínú jù ni ẹ̀rín. Ẹnìkan á dìde dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì, á fi “he” pe obìnrin, gbogbo yàrá á bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bó tilẹ̀ mọ ìdáhùn, kò ní lanu mọ́. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yìí kan náà ló ń sọ pé, “Mo ti decide pé mi ò ní attend lecture yẹn.” Ta ló ń fi ìyẹn ṣẹ̀sín? Àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Òkè Ọya mọ bó ti ń dunni tó. Bí a bá lọ sílé fún ọdún, àwọn ìbátan a máa fi Yorùbá wa ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn mìíràn nínú wa kò sì sọ ọ́ mọ́.

Èdè kì í dúró lójú kan. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gba “danfo”, “tokunbo” àti “next tomorrow” wọlé láti Nàìjíríà. Ọ̀túnla tiwa ló di ti Òyìnbó yẹn!

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ Gẹ̀ẹ́sì tó pójú owó sínú ìwé ìdánwò. Bí ẹnìkejì bá ṣì í sọ, ká pè é sí kọ̀rọ̀ ká tọ́ ọ sọ́nà. Ọwọ́ òsì tí a fi bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ìtọ́jú tí a sì ń fún Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jẹ́ ká fún Yorùbá náà. Ire o.