Ẹ Kọ́ Ọmọ Ìbòkun Ní Iṣẹ́ Rédíò

Láti 1959 tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní Ìbàdàn ni iṣẹ́ orí afẹ́fẹ́ ti di tiwa. A fẹ́ kí àwọn ọmọ Ìbòkun náà mọ̀ ọ́n.

Okùn kan ni a fi ń so rédíò scanner, èyí tí ń yẹ ìkànnì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mọ́ kọ̀ǹpútà. Kí a kọ́kọ́ da ohun inú rẹ̀ kọ pamọ́, kí a tó to ìkànnì tuntun sí i. Ẹni tí ó bá kánjú yóò pa ti àtijọ́ rẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi èyí kọ́ wọn. Òpè ní í sanwó fún ọ̀mọ̀ràn. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.