Bọ́ọ̀lù Dára, Ìwé Ẹ̀rí Kò Gbọdọ̀ Gbẹ́yìn

Ọdún 1972 ni a bí Daniel Amokachi. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Ranchers Bees ní Kàdúná níhìn-ín, ó sì lọ sí Club Brugge ní Bẹ́ljíọ̀mù ní 1990, kí ó tó pé ọmọ ọdún 18. Irú ìtàn yìí ni ó ń mú ọ̀pọ̀ ọmọ wa fẹ́ pa ìwé tì.

Ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà. Láti 2001, òfin FIFA kò gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láyè láti lọ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ òkè òkun, àyàfi fún ìdí díẹ̀. Ní ti yunifásítì Amẹ́ríkà tí ń fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gba agbábọ́ọ̀lù, wọ́n gbọ́dọ̀ rí èsì ìdánwò girama rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ọmọ yín pààrọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, tàbí kí ó fo kíláàsì, nítorí bọ́ọ̀lù, ẹ bi í léèrè: Ta ni yóò san owó WAEC rẹ̀? Ìgbà wo ni yóò máa kàwé? Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣẹ́, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀? Bí kò bá rí ìdáhùn gidi fún yín, ẹ má ṣe yọ̀ǹda ọmọ náà.