Ẹni Tí A Bá Sọ̀ Ẹrù

Ìwé Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ kì í ṣe àjèjì sí wa. John Bunyan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ ọ́, a sì kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1678. David Hinderer, míṣọ́nnárì C.M.S. ní Ìbàdàn, ni ó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa. Bí a bá bi ẹnikẹ́ni nínú wa léèrè ibi tí ó dùn jùlọ nínú rẹ̀, yóò wí pé ẹsẹ̀ àgbélébùú ni, níbi tí ẹrù ti já kúrò lẹ́yìn Onígbàgbọ́, tí ó yí gbirigbiri wọ inú ibojì lọ, tí a kò sì rí i mọ́.

Àwa pẹ̀lú fẹ́ràn ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò parí síbẹ̀. Ọ̀nà ṣì jìn. Ní ọ̀nà ọjà, ẹni tí a bá sọ̀ ẹrù lónìí ni yóò bá ẹlòmíràn sọ̀ lọ́la. Èrò wa ni pé bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ọ̀nà ọ̀run: a gba ẹrù lẹ́yìn ènìyàn kí ó lè ráyè fún ẹrù ọmọnìkejì rẹ̀.

Apá kejì ìwé náà, tí ó jáde ní ọdún 1684, ni ẹlẹ́rìí wa. Ní apá kìíní, Onígbàgbọ́ fi ìka di etí, ó sì sá jáde láìsí aya àti ọmọ, nítorí wọn kò fẹ́ bá a lọ. Ní apá kejì, aya àti àwọn ọmọ náà dìde, a sì fi Ọlọ́kàn-ńlá ṣe amọ̀nà fún wọn. Akọni ni, onídà, alásà, ẹni tí ń pa òmìrán. Síbẹ̀, nígbà tí aláìlera kan ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀, kí òun má baà di ẹrù lé wọn lórí, akọni yìí kọ̀. Ó ní àwọn yóò dúró dè é. Kò pẹ́ tí amúkùn-ún kan dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, òun náà sì bá wọn lọ.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ta ni aláìlera náà, bí kò ṣe ọmọ tí ó jókòó lẹ́yìn kíláàsì, tí ìwé ń rú lójú? Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́. Nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ ìkọ́ni dánra wò, àwọn ọmọ mẹ́ta tí ń na ọwọ́ sókè ni a bá sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A gbàgbé àwọn ìyókù, nítorí pé olùkọ́ wa ń wò wá, a sì fẹ́ kí ẹ̀kọ́ wa dán lójú rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé bí a bá dúró de ẹni tí kò lè yára, a ó dá ẹni tí ó yára dúró, ìwé ọdún kan kò sì ní parí. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn náà, kò sí ẹni tí ìdúró yẹn mú kí ó pẹ́ jù. Gbogbo wọn ni ó dé etí odò, amúkùn-ún náà sì fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá Ọlọ́run ti sọ ọkàn wa di ọ̀tun, kí a má wo bí a ti ń kọrin ní ilé ìsìn nìkan. Kí a wo ọmọ tí ó kẹ́yìn nínú kíláàsì wa. A ti bá wa sọ̀. Ǹjẹ́ àwa yóò ha bá a sọ̀ bí?